Ẹ̀rọ Akalà: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Báàkóòdù àti Ìtànṣán Lésà

Ní àwọn ilé ìtajà ìgbàlódé tó wà ní Àkúrẹ́, bí agbowó bá gbé agolo mílíìkì síwájú ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò jáde, gbólóhùn kan ló máa ń sọ fún oníbàárà: "Kò kà á." Á nu ara agolo náà, á tún un gbé síwájú ẹ̀rọ, á ní: "Ó ti kà á báyìí." Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó fún un ní ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tó mú dára ju ọ̀pọ̀ orúkọ gígùn tí àwa tí a ń fi èdè ṣiṣẹ́ máa ń hun lọ. Kà ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe sí ìwé. Kà náà ni ohun tí oníṣòwò ń ṣe sí owó. Iṣẹ́ méjèèjì ló pàdé níwájú agbowó yẹn: ẹ̀rọ ka àmì tó wà lára ọjà, kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn sì ka iye ọjà tó tà.

Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé ibi iṣẹ́ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kí a gba ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti wà lẹ́nu àwọn tó ń lo ẹ̀rọ, kí a sì fi ìbéèrè kan dán ọ̀rọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan wò: ṣé a lè fi í ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Àwọn aṣáájú ti la ọ̀nà fún wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ìkejì rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Awóbùlúyì yìí kan náà ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá-Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ jàǹfààní púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ṣì ń dúró de tirẹ̀.

A sì lè kẹ́kọ̀ọ́ lára ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó pe iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní iná mànàmáná ṣe iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n, nítorí agbára kan náà ló ń kọ mànà lójú ọ̀run tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú wáyà. Orúkọ náà ń kọ́ni. Ẹ wá wo ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Ó dùn-ún gbọ́, ó yin kọ̀ǹpútà fún eré sísá, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, a kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn yọ jáde lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọjà ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká wá kan báàkóòdù fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò náà ti wọlé, mi ò sì ní kí a lé e jáde. Àmọ́ kò la nǹkan kan yé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì tó súnmọ́ra tí ohùn yà sọ́tọ̀. Ìlà ni èyí tí a fi rúlà fà sínú ìwé. Ilà ni èyí tí a kọ sí ojú kí a lè fi dá ọmọ ẹni mọ̀. Àwọn àgbàlagbà ṣì wà ní Oǹdó tí ilà gígùn kan ṣoṣo wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹni tó bá mọ ilà kò ní bi wọ́n ní ìlú wọn kó tó mọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka ilà kíkọ sára ọmọ léèwọ̀, ìyẹn sì dára. Ọ̀rọ̀ náà ni kò gbọdọ̀ bá a kú. Ohun tó wà lára agolo mílíìkì kì í ṣe ìlà tí a kàn fà: ìbú rẹ̀ àti àlàfo àárín rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ni ọjà àti irú ọjà tó jẹ́. Ilà ni. Nítorí náà, ilà-ọjà ni mo dábàá.

A lè fẹ́ lọ síwájú, kí a ní ọjà tó ní àmì yìí ti kọlà. Mo rò ó, mo sì fi í sílẹ̀, torí kọlà ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò yẹ ká máa pè síta lórí pẹpẹ ìtajà. Ọjà tó ní ilà ti tó. Ẹni tó bá ń ka ilà, akalà ni. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é, ẹ̀rọ akalà. Ewu kan wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀: bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn á kà á sí àkàlà, ẹyẹ ńlá inú igbó nì. Èmi kò rí ìyẹn bí àléébù ọ̀rọ̀. Ó ń rán wa létí pé àmì ohùn jẹ́ ara ọ̀rọ̀ Yorùbá, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yorùbá kò lè pa á tì.

Ìtàn ilà-ọjà fi hàn pé èrò lè ṣáájú irinṣẹ́. Norman Joseph Woodland, ará Amẹ́ríkà tó mọ àmì Morse tí a fi ń ránṣẹ́ lórí wáyà, ló fi ìka fa ìlà sínú iyanrìn etíkun Miami tí èrò náà fi sọ sí i lọ́kàn. Òun àti Bernard Silver kọ̀wé fún ẹ̀tọ́ àtinúdá ní 1949, wọ́n sì rí i gbà ní 1952. Gílóòbù oníwáàtì 500 ni wọ́n fi tan ìmọ́lẹ̀ sí àmì wọn. Ooru rẹ̀ pọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fọ́n káàkiri, kọ̀ǹpútà ìgbà náà sì tóbi, ó wọ́n. Èrò náà dúró títí Theodore Maiman fi tan lésà àkọ́kọ́ ní May 1960. Ní June 26, 1974, ní ilé ìtajà Marsh ní ìlú Troy, ìpínlẹ̀ Ohio, ẹ̀rọ akalà ka ilà ara páálí ṣingọ́ọ̀mù Wrigley. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ìtajà.

Kí ni a óò pe lésà? Lésà náà ni. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ṣa lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jọ ni kó tó rí i pè, gbogbo ayé sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ibi tí Yorùbá ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ni àlàyé rẹ̀, a sì ní ohun èlò fún un. Ìtànṣán wà, ìgbì wà, agbára wà. Bí a bá fi agbára kún átọ́ọ̀mù kan, tí ìtànṣán tó bá a mu sì kọjá lára rẹ̀, átọ́ọ̀mù náà á tú ìtànṣán mìíràn jáde tó jọ ti àkọ́kọ́ ní àwọ̀, ní ọ̀nà àti ní ìṣísẹ̀. Dígí méjì tó kọjú síra á máa dá wọn padà síra wọn, wọ́n á máa pọ̀ sí i, títí wọn yóò fi yọ jáde bí ìtànṣán kan tínínrín tí kò fọ́nká. Mo pe èyí ní ìmọ́lẹ̀ onírú-kan. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ẹ̀rọ akalà àkọ́kọ́ lò jẹ́ nánómítà 632.8, ìyẹn àwọ̀ pupa.

Nínú ẹ̀rọ náà, lésà á kọlu dígí kékeré tó ń yí tàbí tó ń mì, dígí á sì fi í gbá ojú ilà kọjá ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibi funfun á dá ìmọ́lẹ̀ padà, ibi dúdú á gbé e mì. Ohun tó ń gba èyí tó padà ni mo pè ní agbàmọ́lẹ̀. Òun ló ń sọ púpọ̀ àti díẹ̀ ìmọ́lẹ̀ di púpọ̀ àti díẹ̀ iná mànàmáná, kí kọ̀ǹpútà lè tú àmì náà sí nọ́ńbà. Bí a bá ní dá padà, gbé mì, gbà àti tú, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó lè lóye iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tí èdè wa ti yà mí lẹ́nu jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n ti fi kọ́ pé Yorùbá kò lọ́rọ̀ àwọ̀ tó, pé funfun, dúdú àti pupa nìkan ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń pe búlúù tó jinlẹ̀ àti ewé tútù ní dúdú. Wọ́n sì máa ń kó àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ti ọsàn tó pọ́n àti ti epo pọ̀ sínú pupa. Ẹ wá wo ohun tí lésà pupa ń rí. Ohun pupa ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà, nítorí náà pupa, àwọ̀ ọsàn àti yẹ́lò dàbí funfun lójú ẹ̀rọ. Búlúù àti àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀ ń gbé e mì, wọ́n sì dàbí dúdú. Òfin tí atẹ̀wé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kò ju gbólóhùn kan lọ ní Yorùbá: ohun dúdú ni kí a fi kọ ilà, orí funfun tàbí pupa ni kí a kọ ọ́ sí. Ohun tó gba ìwé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ àwọ̀ mẹ́fà méje, ìyá tó ń di ìpékeré sínú ọ̀rá ní Àkúrẹ́ lè há a sórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tẹ ilà pupa sórí ọ̀rá funfun nítorí ẹwà, ẹ̀rọ kò ní rí nǹkan kan kà.

Àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ilà náà nílò orúkọ. Mẹ́tàlá ni wọ́n lára ọjà púpọ̀ níbí. Bí 615 bá ṣáájú, ó ń sọ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka Nàìjíríà ti GS1, àjọ tó ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí, ni ilé-iṣẹ́ náà ti gba nọ́ńbà. Kò túmọ̀ sí pé Nàìjíríà ni a ti ṣe ọjà náà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo pè ní nọ́ńbà ẹlẹ́rìí, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́rìí sí àwọn méjìlá tó ṣáájú. Ẹ mú 615123456789 fún àpẹẹrẹ. Ẹ ṣírò nọ́ńbà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún títí lọ pọ̀: 31. Ẹ ṣírò ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà títí lọ pọ̀: 26, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 78. 31 àti 78 jẹ́ 109. Ó ku 1 kó di 110, nítorí náà 1 ni ẹlẹ́rìí. Bí ìdọ̀tí bá mú kí ẹ̀rọ ṣi ọ̀kan kà nínú àwọn méjìlá, ẹ̀rí kò ní bára mu, ẹ̀rọ á sì kọ̀. Àyè funfun tó gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí ilà ti bẹ̀rẹ̀, ààlà ni mo pè é; gbogbo àgbẹ̀ ló mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá jẹ ààlà.

Ẹ̀rọ náà ti yí padà púpọ̀. Ní 1980, ilé-iṣẹ́ Symbol Technologies gbé akalà lésà tí ènìyàn lè fọwọ́ mú jáde. Lẹ́yìn náà ni dáyóòdù lésà kékeré gba ipò túùbù onígíláàsì tí ìtànṣán ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Ní 1994, Masahiro Hara àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣe àmì onígun mẹ́rin tí à ń pè ní QR. Lésà kò lè ka ìyẹn, torí ọ̀nà tààrà kan ló máa ń gbà kọjá. Akalà oníkámẹ́rà ló ń ya àwòrán rẹ̀ lódindi. Ọ̀rọ̀ yìí kan Oǹdó wa tó ń gbin kòkó gbọ̀ngbọ̀n. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 ń béèrè pé kí a lè tọ́ka sí oko tí kòkó ti wá. Àmì onígun mẹ́rin wà lára ohun tí a lè fi ṣe ìtọpasẹ̀ àpò kòkó, ó sì yẹ kí àgbẹ̀ gbọ́ ìtọpasẹ̀ ní èdè rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí? Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí, tí a mọ̀ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹ́lẹ̀, ń kọ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Oǹdó. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn olùkọ́ èdè jókòó pọ̀, kí wọ́n pe agbowó, atẹ̀wé àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe mọ́ra, kí wọ́n sì yẹ ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà tí mo fẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ fún àwọn tó ń di gàárì, oyin àti ìpékeré nìyí:

"Gba nọ́ńbà rẹ kí o tó tẹ ilà-ọjà. Ohun dúdú ni kí o fi kọ ilà, kí o má fi pupa kọ ọ́. Fi ààlà funfun sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Má kọ ilà sí ibi tí ọ̀rá ti hun jọ, torí yóò da agbàmọ́lẹ̀ láàmú. Bí akalà bá kọ̀ ọ́, kọ́kọ́ nu ojú ilà. Bó bá tún kọ̀, bi atẹ̀wé bóyá nọ́ńbà ẹlẹ́rìí bá àwọn yòókù mu."

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan lè ka ìlànà yìí kó sì tẹ̀ lé e lónìí. Bí àwọn oníṣòwò bá rí ọ̀rọ̀ tó sàn ju tèmi lọ fún èyíkéyìí nínú rẹ̀, tiwọn ni kí a gbà.