Ìdè Tí Ó Ń Tú Ọwọ́ Sílẹ̀

Lẹ́yìn orí tí í ṣe ọba ara, bóyá ni ẹ̀yà kan wà tí Yorùbá ń pa òwe mọ́ tó ọwọ́: ọwọ́ ọ̀tún tí í wẹ òsì, ọwọ́ òsì tí í wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ méjèèjì fi í mọ́, ọwọ́ tí í roko, tí í hunṣọ, tí í lu dùndún, tí í sì í bu òkèlè sẹ́nu ẹni tó ni ín. Ìka márààrún kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọdinrin tí ó kéré jù nínú wọn bá ṣẹ́ ni olówó rẹ̀ yóò mọ̀ pé kò sí kékeré nínú ìka, nítorí pé ọkọ́ kò ní ṣe é dì mú, omi kò sì ní ṣe é bù bọ́jú. Abájọ tí àwọn ìran àtijọ́ fi wá igi tí wọn yóò fi ti ọwọ́ tí ó ṣẹ́. Ìtàn igi náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé láti ayébáyé ni ó ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà: ẹnikẹ́ni ló lè di ìdè, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni í mọ bí ìdè ti yẹ kó le tó, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a tú u.

Ní ilẹ̀ wa, teguntegun ni à ń pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ìdílé sì ni, tí baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jẹ̀ ti ń fi agọ̀ lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Eégún ni ti ọ̀hún, eegun ni ti ìhín. Bí a bá gbé ẹni tí apá rẹ̀ ṣẹ́ dé, baba náà yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, yóò fetí sí bí eegun ti ń ha ara wọn, yóò ní kí ẹnìkan di èjìká mú, yóò sì fa apá náà títí ohun tó yà yóò fi padà sójú ọ̀nà. Yóò fi òrí tàbí àdí pa á lára, lẹ́yìn náà ni yóò nawọ́ mú igi ìdè rẹ̀. Ọparun ni ó ti là sí pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ti fá gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ kúrò, tí ó sì ti fi òwú hun wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹní kékeré, tí ó fi jẹ́ pé ó ń ká yí apá po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, síbẹ̀ kò ṣe é ṣẹ́ po ní gígùn. Àwọn mìíràn nínú wọn a sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ lọ́jọ́ náà gan-an, wọn a to ó, wọn a dè é. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rìn ni wọn a mọ̀ pé ó tó àkókò láti tú ti ènìyàn. A kò kọ ọjọ́ sínú ìwé; adìẹ ni ó ń bá wọn ka oṣù.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1903, àwọn tí ń hú ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ lábẹ́ George Reisner rí òkú méjì ní Naga-ed-Dêr ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó ti lé ní 4,000 ọdún tí a ti sin wọ́n, tí igi ìdè ṣì wà lára wọn: ti ọ̀kan wà ní itan, ti èkejì wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Grafton Elliot Smith tí ó kọ̀wé nípa wọn ní 1908 ṣàlàyé bí a ti fi aṣọ ọ̀gbọ̀ wé àwọn igi náà kí wọ́n má baà gún ẹran ara. Eegun wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jò pọ̀ rárá. Ikú ni kò jẹ́ kí ẹni tó dè wọ́n rí ọjọ́ tí yóò tú wọn.

Àwọn ará Gíríìkì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ líle àti dídẹ̀ ìdè sínú ìwé yékéyéké. Nínú ẹ̀kọ́ tí a kọ sábẹ́ orúkọ Hippocrates, ní nǹkan bí ọdún 400 ṣáájú ìbí Jésù, aṣọ nìkan ni a kọ́kọ́ fi ń wé apá tó ṣẹ́, a ń tú u, a sì ń tún un wé ní ọjọ́ kẹta kẹta, a kì í sì í fi igi kún un títí di nǹkan bí ọjọ́ keje, nígbà tí ara bá ti fọn. Báwo ni a ó ti mọ̀ pé ìdè náà ṣe déédéé? Wọ́n ní kí oníṣègùn wo ọwọ́ aláìsàn ní ọjọ́ kejì. Bí ọwọ́ kò bá wú rárá, ìdè ti dẹ̀ jù. Bí ó bá wú díẹ̀, tí ó sì rọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wú púpọ̀, tí ó sì le, kí a yára tú u, nítorí pé ìdè ti ń di ọ̀tá.

Ọ̀tá náà kò sì kú. Ní 1851, ní ìlú Haarlem, Antonius Mathijsen tí í ṣe dókítà ọmọ ogun ilẹ̀ Nẹ́dálándì rí i pé bí a bá fi ìyẹ̀fun ẹfun kan pa aṣọ, tí a rẹ ẹ́ sómi, tí a sì wé e mọ́ apá, kò ní pẹ́ tí yóò fi gan bí òkúta. Òun ni èyí tí a ń pè ní P.O.P. ní ilé ìwòsàn títí dòní. Òkúta kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ bí ara bá ń wú lábẹ́ rẹ̀. Ní 1881, dókítà Richard von Volkmann ní ìlú Halle ní Jámánì kọ ọ́ pé ìdè tó le jù a máa fún ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹran ara apá, tí ẹran náà yóò fi kú láàárín wákàtí díẹ̀, tí ìka yóò sì ká kò bí èékánná àṣá títí ọjọ́ ayé. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọparun nígbà tí teguntegun tí kò mòye bá fún okùn pa: ọwọ́ yóò kú tipiri, yóò dúdú, a ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe ju kí a gé e. Àwọn àgbà ti wí i: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó wá fi hàn pé ìka ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti itan. Itan fẹ́ ìsinmi. Ìka tó bá sinmi jù a gan. Sterling Bunnell, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ abẹ ọwọ́ ní 1944, ni wọ́n fi ṣe atọ́nà àwọn ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú ọwọ́ ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn tí ọgbẹ́ ti san ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ti di pákó. Láti ìgbà náà wá ni ẹ̀kọ́ ti fìdí múlẹ̀ pé a kì í tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ sórí pákó. Kí a jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ wo òkè díẹ̀, kí a tẹ oríkèé tí ìka fi so mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ìka fúnra rẹ̀ nà, kí àtàǹpàkò sì yà kúrò lára àtẹ́lẹwọ́. Nítorí pé bí oríkèé yẹn bá tẹ̀, iṣan tó so ó yóò nà gbọọrọ, kò ní ráyè sún kì nígbà tí ìdè bá wà lórí rẹ̀.

Bí àrùn bá sì ti rí ni igi rẹ̀ ń rí. Ẹni tí iṣan ọrùn ọwọ́ ń dà láàmú, tí ìka rẹ̀ ń jó o lóru, ìdè tí yóò mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dúró gbọọrọ nígbà tó bá ń sùn ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá kọlu orí ìka rẹ̀, tàbí tó ń ki aṣọ bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ tìmùtìmù tí orí ìka rẹ̀ sì já wálẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé, ìdè kékeré lórí oríkèé òkè nìkan ni tirẹ̀, kí oríkèé àárín máa tẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí orí ìka náà tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ì báà ṣe nígbà tó ń fọ ọwọ́. Bí ó bá tẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti orí ení.

Ẹ̀sọ̀ yìí náà ni Paul Brand fi ṣiṣẹ́, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní Íńdíà, tí ó padà síbẹ̀ ní 1946, sí ìlú Vellore, tí ó sì wá ń tọ́jú ọwọ́ àwọn tí ẹ̀tẹ̀ bá jà. Nígbà tí ó ṣe, ó kó lọ sí Carville ní Amẹ́ríkà. Ìka tó ti ká kò, kì í fi ipá nà án. A fi P.O.P. sí i níbi tó lè nà dé láìro ó, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ a tú u, a tún fi òmíràn sí i, tí yóò nà ju ti ìṣáájú lọ ní ìwọ̀nba. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ní Ìgbóbì ní Èkó, ibi tí a dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni ó di ilé ìwòsàn eegun tí òkìkí rẹ̀ kàn lónìí. Síbẹ̀ ilé teguntegun kò tíì ṣófo. Èmi kò bá ọparun jà, mi ò sì bú P.O.P. Baba tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ adìẹ àti ará Gíríìkì tó ń wo ọwọ́ tó wú, ohun kan náà ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá de ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ohunkóhun tó bá fi dè é, kó fi orí ìka sílẹ̀ síta, kó sì padà wá wò ó lọ́la.