Ìtàn tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi

1. Lọ́dún 2019, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Oakland, ní California, fi fáìlì Excel kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ ìṣirò. Bá mi wo bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí, mo fẹ́ ṣí ilé ìdáná." Màmá wa ti gbà láti ta ilẹ̀ wọn kan ní Mọ́níyà kí owó náà lè pé.

2. Mo ṣí i. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà, kòkó, ẹyin, ààrò. Ó dáa. Ìgbà tí mo dé ìlà keje ni mo rí òróró igbó. Igbó kẹ̀! Brownie àti súwíìtì onígbó ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ máa ṣe. Òfin ìpínlẹ̀ ibẹ̀ gbà á o: wọ́n dìbò sí i lọ́dún 2016, ọjà sì ṣí lóṣù kìíní ọdún 2018. Àmọ́ "ilé ìdáná" nìkan ni Màmá gbọ́.

3. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí àyà mi fi já. Màmá ti gbọ́n lọ́dún 1966, nígbà tí ìjọba ológun ilẹ̀ wa ṣe òfin pé wọ́n lè pa ẹni tó bá gbin igbó, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21. Wọ́n yọ ikú kúrò nínú òfin náà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò kúrò nílé wa. Ṣé irú owó ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ la máa ná sí igbó láìsọ fún ẹni tó ni ín?

4. Mi ò tíì fọwọ́ kan ìṣirò, mo kọ́kọ́ lọ kàwé. Ohun tí mo rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn, nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

5. Ohun èlò. Ní San Francisco, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mary Jane Rathbun, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ. Ó ń yan brownie onígbó nínú ilé ara rẹ̀, ó ń tà á. Lọ́dún 1981, ọlọ́pàá kanlẹ̀kùn. Wọ́n bá dọ́sìnnì brownie 54 níbẹ̀, pẹ̀lú igbó tó lé ní pọ́ún 18. Ilé ẹjọ́ ní kó fi wákàtí 500 ṣiṣẹ́ sin ìlú.

6. Kò pẹ́ sí i ni àrùn AIDS bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú náà. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́, èébì ń gbé wọn. Mary, tí ọmọ tirẹ̀ ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, sọ wọ́n di ọmọ. Ó ń yan brownie fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, owó ìyẹ̀fun ń jáde látinú owó àgbà tí ìjọba ń san fún un, àwọn àgbẹ̀ sì ń ta á lọ́rẹ igbó. Wọ́n tún mú un lọ́dún 1982 àti 1992. Síbẹ̀, lóṣù kẹjọ ọdún 1992 yẹn, ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti yẹ́ ẹ sí. Lọ́dún 1996, California di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó dìbò pé kí aláìsàn lè lo igbó. Ọdún 1999 ni Mary kú.

7. Owó orí. Ọdún 1981 yẹn kan náà ni èyí bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Minneapolis tó ń ta oògùn olóró, igbó wà lára ẹ̀, bá ìjọba ṣẹjọ́ owó orí. Ó ní kí wọ́n yọ owó tóun ná sí òwò òun kí wọ́n tó bu owó orí lé òun: owó òṣùwọ̀n, owó fóònù, apá kan owó ilé. Ilé ẹjọ́ gbà fún un! Ẹjọ́ Edmondson nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 1982, àwọn aṣòfin ti ṣe òfin 280E: oníṣòwò irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ owó ìnáwó kankan, àfi iye tí ọjà fúnra rẹ̀ ná an.

8. Lọ́dún 2019 tí mò ń wí yìí, California gba igbó láyè, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gbà á. Torí náà, òfin tí wọ́n ṣe nítorí olóògùn yẹn ló ń mú oníṣòwò tó níwèé àṣẹ. Ẹ wò ó: ká ní $100,000 wọlé. Ohun èlò àti owó àwọn tó ń yan án jẹ́ $50,000. Ìpolówó, akọ̀wé, amòfin àti irú wọn jẹ́ $40,000. Èrè tó kù ni $10,000. Ilé ìdáná búrẹ́dì máa san owó orí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lórí $10,000, ìyẹn $2,100. Ilé ìdáná igbó máa san án lórí $50,000, ìyẹn $10,500. Ó jèrè, ó tún jẹ gbèsè $500! Ìṣirò ilé búrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe.

9. Àyẹ̀wò àti páálí. Colorado bẹ̀rẹ̀ sí í ta igbó fún àgbàlagbà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2014. Lóṣù kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 kan jẹ bisikíìtì onígbó ní Denver. Ìdá mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n pín in sí. Nígbà tí kò tètè pa á, ó jẹ èyí tó kù, ojú rẹ̀ yí, ó sì jábọ́ láti orí òtẹ́ẹ̀lì, ó kú. Igbó tá a jẹ kì í tètè ṣiṣẹ́ bí èyí tá a fà, ibẹ̀ ni ewu wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Colorado ní kí wọ́n máa gé e tàbí dì í ní mìlígíráàmù 10 10. California náà fi í sí 10 fún ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan, 100 fún páálí kan, páálí tí ọmọdé ò lè ṣí. Ilé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ìyan wò kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi kọ́bọ̀ síbẹ̀ fún ìyan tó bá kùnà.

10. Báǹkì. Ọ̀pọ̀ báǹkì ń sá fún owó igbó nítorí ìjọba àpapọ̀. Káàṣì ni ọ̀pọ̀ ń kó kiri, tí wọ́n fi ń ra sééfù, tí wọ́n fi ń gba ẹ̀ṣọ́.

11. Ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́jọ́ tí brownie ò bá sí, òun á máa dín puff-puff fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Mo rẹ́rìn-ín, kó tó di pé mo rí i pé òfin ò gbà á. Ilé tí wọ́n fọwọ́ sí fún igbó, oúnjẹ lásán ò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ jáde.

12. Mo pè é lálẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà kan ṣì kù. Ẹ sọ fún Màmá."

13. Ó sọ fún wọn lọ́jọ́ Sunday kejì, èmi náà wà lórí ìpè. Màmá pariwo, wọ́n pe Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n sinmi, wọ́n béèrè pé, "Ta ló ń jẹ ẹ́?" Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ ìtàn Mary àti àwọn ọmọ tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn. Màmá ní, "Ìyẹn ò tà á fún wọn. Ìwọ, ṣé wàá tà á?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀.

14. Màmá ò ta ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi pa bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn tì, ó tún òmíràn ṣe pẹ̀lú owó ara rẹ̀. California ní ìwé àṣẹ kan, Type S, tó gba oníṣòwò kékeré láyè láti bá àwọn mìíràn pín ilé ìdáná kan lò, kálukú ní wákàtí tirẹ̀. Èyí ló tọ̀. Èmi ni mo tún ṣírò owó orí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bá èèyàn yín dá òwò sílẹ̀ lókè òkun, kẹ́ ẹ tó fi ilẹ̀ yín lélẹ̀, ẹ ka gbogbo ìlà náà, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn débẹ̀.