Òrùka Tó Ń Gun Òpó: Ìtàn Ohun Èlò Tí Wọ́n Fi Ń Fa Ìgbòkun Lug Sókè

Kí ẹ́ńjìnnì tó gba ojú omi, ìgbòkun tí wọ́n ń pè ní lug ló gbé ọ̀pọ̀ apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tlándì àti Faransé lọ sójú agbami, tó sì gbé wọn padà wálé. Igun mẹ́rin ló ní. Wọ́n á so etí òkè rẹ̀ mọ́ ọ̀pá gígùn kan tó dà gẹ̀rẹ́, okùn á sì di ọ̀pá náà mú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀ láti iwájú. Okùn kan ṣoṣo yìí ló ń gbé aṣọ àti ọ̀pá ròkè. Ìgbòkun ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ lọ́wọ́ ni: òpó rẹ̀ kò ní láti ga jù, okùn rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé okùn nìkan ló gbé ọ̀pá náà dúró, ìgbì kan péré ti tó láti jù ú síwá sẹ́yìn, kó máa gbá òpó, kó sì máa gbá èèyàn. Ohun tí àwọn atukọ̀ ń wá ni nǹkan tó máa di ọ̀pá mọ́ òpó tímọ́tímọ́, tí kò sì ní dí i lọ́wọ́ láti lọ sókè tàbí láti sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wá a kiri ni ìtàn ohun èlò yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni ìdáhùn àtijọ́. Wọ́n á gbẹ́ igi ribiti ribiti, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á sì sín in sórí okùn tó yí òpó ká. Bí ọ̀pá bá ń gòkè, ìlẹ̀kẹ̀ igi á máa yí lára òpó, okùn kò ní máa ha igi. Nígbà tí wọ́n gbé Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ tó rì ní 1545, jáde kúrò lábẹ́ omi ní 1982, àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n rí, pẹ̀lú púlì onígi lóríṣiríṣi. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló bò wọ́n mọ́lẹ̀ tí wọn kò fi jẹrà. Ọkọ̀ ńlá ni Mary Rose, ìgbòkun rẹ̀ kì í sì í ṣe lug, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni ọkọ̀ kékeré ń lò, wọ́n sì ń lò ó títí di òní.

Nínú ọkọ̀ kékeré, òrùka irin ló wá gbapò ìlẹ̀kẹ̀ lọ́pọ̀ ibi, nínú gbogbo ohun èlò ìgbòkun yìí, òun ló sì yẹ ká yìn jù. Òrùka náà yí òpó ká, irin kan sì wà lára rẹ̀ tí òkè rẹ̀ ní ojú tí wọ́n ń so okùn mọ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ di ìkọ́ tí wọ́n ń fi gbé ọ̀pá. Ọlọ́gbọ́n alágbẹ̀dẹ ló rò ó pé kí ojú àti ìkọ́ wà lára irin kan náà. Ká ní ẹ̀yìn òrùka ni okùn ti ń fà, tí ìwúwo ìgbòkun sì wà níwájú, òrùka á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á há mọ́ igi, kò ní gòkè, kò sì ní sọ̀. Ìgbòkun tó bá kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìjì dé lè dojú ọkọ̀ dé. Ṣùgbọ́n bí okùn bá fà lọ́gangan òkè ìkọ́, ìwúwo aṣọ àti agbára ẹni tó ń fà á á pàdé lójú kan náà, kò wá sí iṣẹ́ mìíràn fún òrùka ju kó di ọ̀pá mọ́ òpó lọ.

Wọ́n máa ń fi awọ ran ara òrùka náà kó má bàa bó òpó, wọ́n á sì fi ọ̀rá màlúù pa òpó kó lè máa yọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ náà gba àròjinlẹ̀. Èyí tó bá fún jù á há nígbà tí omi bá mú kí igi wú, èyí tó bá sì tóbi jù á máa lu òpó ní gbogbo ìgbà.

Irin inú omi iyọ̀ kì í pẹ́ dípẹtà. Ní 1837, Stanislas Sorel gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Faransé lórí bí a ṣe ń ri irin bọ inú síǹkì yíyọ́, kí ìpẹtà má bàa tètè jẹ ẹ́. Nígbà tí ó yá, irin ọkọ̀ tí wọ́n fi síǹkì bò di ohun tí apẹja lè rà. Iṣẹ́ yìí kan náà ló wà lára páànù tó bo orí ilé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Òkè òpó náà ní ìtàn tirẹ̀. Okùn gbọ́dọ̀ gba ibì kan kọjá kó tó lè padà sọ́wọ́ ẹni tó ń fà á nísàlẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó kéré gan-an, wọ́n kàn lè lu ihò sí òpó, kí wọ́n fi ọ̀rá pa á. Èyí tó sàn ju ìyẹn ni ihò tí kẹ̀kẹ́ kékeré ń yí nínú rẹ̀, tàbí púlì tí wọ́n so kọ́. Igi tí wọ́n fẹ́ràn jù fún kẹ̀kẹ́ náà ni lignum vitae, tó ń hù ní àwọn erékùṣù bíi Kúbà àti Jàmáíkà: ó le, ó wúwo débi pé ó ń rì sómi, ó sì ní òróró nínú ara rẹ̀ tó ń mú kó yí geere.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe púlì tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ń lo nǹkan bí 100,000 lọ́dún nígbà tí wọ́n ń bá Faransé jagun. Marc Brunel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó sá fún ìdàrúdàpọ̀ ìlú rẹ̀, ló ya àwòrán ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Henry Maudslay rọ àwọn ẹ̀rọ náà, Samuel Bentham sì rí i pé wọ́n rí àyè fún wọn ní Portsmouth. Ní 1808, púlì tí ibẹ̀ ń ṣe lọ́dún ti tó 130,000, ọkùnrin mẹ́wàá sì ń ṣe iṣẹ́ tí 110 ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ onírin ṣe nǹkan kan náà ní ọ̀pọ̀ yanturu.

Etíkun Skọ́tlándì ni wọ́n ti dán ohun èlò yìí wò dópin, lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa ẹja ṣáwá. Oríṣi lug tí wọ́n ń lò níwájú ọkọ̀ ni dipping lug. Ó lágbára ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì ń fìyà jẹni ju gbogbo wọn lọ. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ní láti sọ ìgbòkun kalẹ̀, kí wọ́n gbé ọ̀pá rẹ̀ yí òpó bọ́ sí òdìkejì, kí wọ́n tún fà á gòkè. Okùn ìfà náà ń ṣe iṣẹ́ méjì: wọ́n á dè é mọ́ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kó lè ti òpó lẹ́yìn, torí náà òun pẹ̀lú gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Nínú òkùnkùn, lórí ọkọ̀ tó ń mì, irú ìkọ́ tó ṣeé tú kíákíá lè gba ẹ̀mí là.

Ní 1879, William Campbell kan ọkọ̀ tuntun kan ní Lossiemouth, ó pè é ní Nonesuch. Ọdún yẹn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Súlù jagun, orúkọ Zulu sì mọ́ irú ọkọ̀ náà lára. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń gùn sí i títí wọ́n fi kọjá 70 ẹsẹ̀ bàtà, ìgbòkun wọn sì tóbi kọjá ohun tí ọwọ́ èèyàn lè fà láìṣe ara wọn léṣe. Ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí ló yọ wọ́n. Ilé iṣẹ́ Elliott and Garrood ní Beccles ń ṣe é, kí àwọn apẹja lè máa fi wé okùn àwọ̀n, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń fi fa ìgbòkun náà. Láìsí ẹ̀rọ yìí, Zulu ńláńlá ì bá má wáyé. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí irú òpó àti ọ̀pá tí à ń sọ lè wo Reaper, ọkọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ Zulu tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn apẹja Skọ́tlándì ní Anstruther tún ṣe.

Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá nìkan ló lọ jìnnà. Ní oṣù kọkànlá 1854, ọkùnrin méje láti Cornwall wọ Mystery, ọkọ̀ apẹja onílug tó gùn tó nǹkan bí 33 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì kọrí sí Ọsirélíà. Wọ́n dé Melbourne ní oṣù kẹta 1855.

Ní ti bí wọ́n ṣe máa di ọ̀pá mọ́ òpó, àwọn ará Ṣáínà ti gba ọ̀nà mìíràn yanjú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́tipẹ́. Ìgbòkun tiwọn ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan tó dábùú aṣọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní okùn tirẹ̀ tó so ó mọ́ òpó. Blondie Hasler gbé ọgbọ́n yìí sórí Jester, ọkọ̀ rẹ̀ tó gùn ní 25 ẹsẹ̀ bàtà, fún eré ìje ẹni kan ṣoṣo láti Plymouth dé New York ní 1960. Ó lo ọjọ́ 48, ó sì ṣe ipò kejì sí Francis Chichester. Púlì onílọ́po ló wà lójú okùn ìfà rẹ̀, inú ihò ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló sì dúró sí tó ti ń fa ìgbòkun sókè tàbí tó ń dín in kù, láìjáde síta.

Òwú kẹ́míkà náà dá sí i. Ní 1941, Whinfield àti Dickson ṣàwárí Terylene ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Okùn tí wọ́n fi irú òwú yìí ṣe kì í jẹrà, kì í sì í súnkì nínú omi bíi ti àtijọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ onígi kékeré tí Iain Oughtred àti François Vivier ya, tí àwọn èèyàn ń kàn fúnra wọn lẹ́yìnkùlé, ìlẹ̀kẹ̀ tún ti padà dé, oníke lèyí tó pọ̀ nínú wọn báyìí. Àwọn mìíràn kò lo òrùka rárá: wọ́n á mú okùn ìfà yí òpó ká kí wọ́n tó so ó mọ́ ọ̀pá, bí wọ́n bá sì ṣe ń fà á tó ló ṣe ń fún ọ̀pá mọ́ òpó tó. Nísàlẹ̀, okùn kejì tó gba púlì méjì tàbí mẹ́ta kọjá ń fa ìgbòkun wálẹ̀ títí etí iwájú rẹ̀ á fi le gbagidi. Bí okùn ìsàlẹ̀ yìí bá dẹ̀, aṣọ á wú, ọkọ̀ kò sì ní lè súnmọ́ ojú afẹ́fẹ́ bó ti yẹ.