Ta Ní Ń Pe Ọ̀dọ́ Lọ Sógun? Láti Kírìjí dé NYSC ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira ní 1960, kò tíì sí òfin tó ní kí gbogbo ọ̀dọ́ ṣe iṣẹ́ ológun ní dandan. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ó wù ú ni, tàbí kó jẹ́ pé àìríṣẹ́ ló tì í débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Ìjerò dé Àràmọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀pọ̀ agboolé ló ní baba ńlá tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní ibùdó ogun, láìsí ìwé òfin kankan tó pàṣẹ fún un.

Ìlú ló pè é. Láyé ọjọ́un, ìlú Èkìtì kì í ní ọmọ ogun tó ń gbowó oṣù. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń ka ọkùnrin: àwọn tó jọ dàgbà ló jọ ń yẹ̀nà, tí wọ́n jọ ń tún odi mọ, bí ogun bá sì dé, àwọn náà ló ń gbé ìbọn àti àdá. Ẹlẹ́gbẹ́ ni wọ́n ń pe àwọn olóyè tó ń kó wọn jáde. Kò sí ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá fi ara pamọ́ sóko, àmọ́ ojú ẹgbẹ́ kò ní jẹ́ kó rí ìlú gbé.

Ọ̀tọ̀ ni ti Ìbàdàn. Níbẹ̀, ológun kọ̀ọ̀kan ló ní ọmọ ogun tirẹ̀ nínú agboolé rẹ̀, ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀fọ̀n àti Àràmọ̀kọ ti fojú rí ogun Ìbàdàn kí 1860 tó dé. Lójú tèmi, kò sí ìfipámúni-sógun tó burú tó èyí: kí wọ́n kó ọmọ Èkìtì lẹ́rú, kí wọ́n sì gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ kó máa lọ tú ìlú ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn tí Ìbàdàn borí, ó fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ajẹ́lẹ̀ ń gba owó ìsìn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ń kó ẹran àti oúnjẹ onílé, wọn kò sì ka ìyàwó ẹni sí nǹkan. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí bẹ́ Oyèpẹ̀tun, ajẹ́lẹ̀ ìlú náà, lórí. Àwọn ìlú yòókù gbọ́, wọ́n sì dìde sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn. Báyìí ni Èkìtì Parapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn aládùúgbò wọn fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, tó ti gbé Ìbàdàn rí tó sì kọ́ ogun jíjà níbẹ̀, ló wá di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn Snider ránṣẹ́. Ìbọn yìí yára ju ṣakabùlà tí Ìbàdàn mọ̀ lọ, ìró àwọn ìbọn ni wọ́n sì fi sọ ogun náà ní Kírìjí.

Ogun náà kò tán bọ̀rọ̀. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kú sí ibùdó ní 1885. Ní 23 Oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Ajerò ti Ìjerò wà lára àwọn ọba tó fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ibùdó kò tú títí di 1893 tí ìjọba òyìnbó ní Èkó dá sí i. Ẹni tó lọ ní ọmọ ogún ọdún ti di ẹni márùndínlógójì kó tó padà sílé. Àwọn tí kò lè gba kí ajẹ́lẹ̀ fi ipá gba ewúrẹ́ wọn ló fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ fún ìlú wọn.

Lẹ́yìn èyí, òyìnbó gba ilẹ̀. Lápá ọ̀dọ̀ Faransé, ní Dàhòmì, ìjọba fi òfin mú ọ̀dọ́kùnrin wọ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ọ̀họ̀rí sá kọjá ààlà wá sí Nàìjíríà nítorí rẹ̀. Ní Nàìjíríà tiwa, nígbà Ogun Abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, ọmọ ogun Nàìjíríà ti nǹkan bí 10,000 kọjá 200,000 láìsí òfin ìfipámúni. Lápá Biafra ni wọ́n ti ń mú ọ̀dọ́ lọ sójú ogun tipátipá.

Ogun yẹn náà ló bí ètò agùnbánirọ̀, NYSC, tí ìjọba Gowon dá sílẹ̀ ní 22 Oṣù Karùn-ún 1973, láti fi so ọmọ orílẹ̀-èdè pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fárígá, wọ́n wọ́de, ṣùgbọ́n òfin náà dúró. Agùnbánirọ̀ ń wọ káákì, ó ń tò ní ìlà láàárọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ibùdó, lẹ́yìn náà ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ kọ́mọ níwèé. Ẹni tó bá sá fún un lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí owó ìtanràn 2,000 náírà gbára, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gboyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé òfin ilẹ̀ wa ti ṣílẹ̀kùn fún iṣẹ́ ológun dandan. Abala 34 nínú ìwé òfin 1999 kò kà á sí iṣẹ́ àfipáṣe, bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá ṣòfin rẹ̀. Abala 220 sì ní kí ìjọba pèsè ohun èlò fún irú òfin bẹ́ẹ̀. Òfin náà gan-an ni wọn kò tíì ṣe.

Bí wọ́n bá ṣe é lọ́la, kò ní dà bí NYSC. Ẹni tó gboyè nìkan ni NYSC ń pè. Ọmọkùnrin tó ń wa kòtò òkúta iyebíye ní Ìjerò, tàbí tó ń gun ọ̀kadà láti Àràmọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n, kò sí lórí ìwé wọn. Òfin ológun yóò kan òun náà, bí ìpè ìlú ṣe kan ọmọ àgbẹ̀ ní 1878. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọ̀dọ́ wa kò lè ṣe é. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ni yóò jókòó sí Abuja, tí yóò dárúkọ wọn, àti pé ǹjẹ́ ọmọ tirẹ̀ náà yóò wà lórí ìwé ọ̀hún bí?