Kékeré La Ti Í Pẹ̀ka Ìrókò: Ìtàn Àwọn Oníṣègùn Igi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí pa, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ igi dénú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ìjì sì ń jà, igi ńlá a máa wó lu ilé, lu ọkọ̀, lu wáyà iná káàkiri àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí wọ́n sì máa ń sáré pè ni agégi tó gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, láìsí okùn ní ìdí, láìsí akoto ní orí. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Oníṣègùn igi ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe é. Ìtàn wọn sì fi hàn pé ó pẹ́ gan-an kí ìmọ̀ wọn tó dé ibi tí òwe Yorùbá dúró sí.

John Davey ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Agbègbè Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní 1846, ó sì ti di géńdé kí ó tó mọ̀wé kà. Ní 1873, ó ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ó tẹ̀dó sí ìlú Kent ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí wọ́n ti gbà á láti máa tọ́jú itẹ́ òkú. Igi tí ìjì fọ́ ẹ̀ka rẹ̀, tàbí tí inú rẹ̀ ń jẹrà, kò sí ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà; yálà kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó kú, tàbí kí wọ́n gé e. Davey ní ó ṣeé tọ́jú. Ní 1901, ó tẹ ìwé kan jáde tó pè ní The Tree Doctor. Ní 1909, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀hún, Martin, di gómìnà ìpínlẹ̀ Ohio láti 1935 sí 1939.

Ìlànà ìgbà yẹn fara jọ ti oníṣègùn eyín. Wọn a ha gbogbo ibi tó jẹrà nínú ihò igi kúrò, wọn a rọ sìmẹ́ńtì dí i, wọn a sì fi ọ̀dà kun ojú ibi tí wọ́n ti gé ẹ̀ka. Ó dùn ún wò, gbogbo ènìyàn sì gbà pé igi ti rí ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n kí a tó wo ẹ̀ka sàn, a gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Akọ̀pẹ àti adẹ́mu mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Igbà yí ìdí wọn ká, ó sì yí ọ̀pẹ ká. Bí wọ́n ṣe ń sún un sókè ni àwọn náà ń gòkè. Ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka tí yóò dí igbà lọ́nà. Lórí igi ẹlẹ́ka, igbà nìkan kò tó. Oníṣègùn igi a máa ju okùn gígùn kọjá lórí ẹ̀ka tó lágbára lókè, a so apá kan mọ́ bẹ́líìtì tó gbá ìdí àti itan rẹ̀ mú, a sì ta kókó kan mọ́ apá kejì. Bí ìwọ̀n ara bá wà lórí kókó náà, yóò di okùn mú ṣinṣin. Bí ó bá fọwọ́ fà á, yóò máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kókó yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ó tún ní okùn kúkúrú kan tó ń yí ara igi ká gẹ́gẹ́ bí igbà. Ní ti ẹ̀gún irin tí àwọn kan ń so mọ́ bàtà láti fi gun igi, igi tí wọ́n fẹ́ gé kúrò pátápátá ló wà fún, nítorí ọgbẹ́ ni gbogbo ibi tó bá gún lára igi tó yè.

Àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ ni irinṣẹ́ ìgbà Davey. Ní 1926, Andreas Stihl, ará Jámánì, ṣe ayùn oníṣéènì tó ń lo iná mànàmáná. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ènìyàn méjì láti lò ó. Ní 1929, ó ṣe èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú ayùn yìí tó fúyẹ́ débi tí ẹnì kan lè gbé e lò lókè igi. Iṣẹ́ yá sí i, ewu náà sì pọ̀ sí i, nítorí ayùn tó gé igi kò ní ṣàì gé okùn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ni pé ẹni tí yóò tan ayùn lókè gbọ́dọ̀ so ara rẹ̀ mọ́ igi ní ọ̀nà méjì.

Bí igi ńlá bá wà láàárín ilé, kò ṣeé gé láti ìdí. Òwe mìíràn bá èyí mu: bí igi bá wó lu igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gbé. Agégi yóò gé àwọn ẹ̀ka, yóò gé orí, yóò sì máa gé ìtì igi bọ̀ wálẹ̀ ní ègé-ègé. Kí ègé kọ̀ọ̀kan tó bọ́, wọ́n á ti so okùn mọ́ ọn. Okùn náà gba inú kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan lókè, ó sì lọ́ mọ́ irin kan ní ìdí igi, níbi tí ẹni tó wà nílẹ̀ ti ń tú u díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni ilẹ̀ bá ṣìṣe, ẹni òkè ló lè jìyà rẹ̀.

Alex Shigo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó, ló wá yí ìṣègùn igi padà. Láti 1959 ló ti ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la igi ní òòró láti wo inú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ló sì là. Ó rí i pé igi kì í jiná bí ara ènìyàn. Ibi tó bá bàjẹ́ lára igi kò tún lè di ọ̀tun mọ́. Ńṣe ni igi ń mọ ògiri yí i ká, tí ó sì ń dàgbà bò ó. Ní 1977 ni àlàyé yìí jáde. Ó wá hàn pé ẹni tó ń ha inú ihò igi títí tó fi kan ibi tó yè, ògiri yẹn gan-an ló ń wó. Ọ̀dà kò dá jíjẹrà dúró. Ẹni tó bá sì gé ẹ̀ka mọ́ ara igi gbáá ti gé ibi wíwú tó wà ní ìdí ẹ̀ka, níbi tí igi ti ń dáàbò bo ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pa sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà tì nìyẹn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òwe pàdé. Ọgbẹ́ ẹ̀ka kékeré, igi a tètè bò ó. Ọgbẹ́ ẹ̀ka tó tóbi tó itan ènìyàn, igi lè má bò ó láéláé, jíjẹrà yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni gígé orí igi, tí ọ̀pọ̀ onílé ń pè ní ìtọ́jú: ẹ̀ka tuntun tó hù lójú ọgbẹ́ ńlá náà kì í rinlẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ìjì sì lè tètè ya á.

Ẹni tó pẹ̀ka igi nígbà tó wà ní kékeré, orí ilẹ̀ ló dúró sí, ayùn ọlọ́wọ́ sì tó o. Ẹni tó dúró títí igi fi ga ju òrùlé lọ, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni yóò rán gun orí rẹ̀.