IDH France Road, 1996
Ẹni tó bá wà ní Sabon Gari ní 1996 ò lè gbàgbé yírunyírun, sankarau àwọn Hausa. Ní IDH, níbi tí àwọn dókítà MSF ti ń fi chloramphenicol tọ́jú aláìsàn, ni Pfizer gbé Trovan dé. Ọmọ 100 gbà á. 100 mìíràn gba ceftriaxone. 11 kú, 5 lára àwọn ti Trovan, 6 lára àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ gan-an ni pé: ṣé wọ́n sọ fún àwọn òbí pé wọ́n ń dán oògùn wò ni? Àwọn òbí ní rárá. Pfizer ní àwọn sọ ọ́ lẹ́nu. 2009 ni wọ́n gbà láti san $75 mílíọ̀nù. Ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́, 2011 ni owó tó kàn wọ́n. Ọdún 15 gbáko! Nígbà tí Kano sì kọ abẹ́rẹ́ pólíò ní 2003, ọ̀rọ̀ Trovan ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn.