Yàrà Erédò àti Ilé-iṣẹ́ Bébà Ìwópin: Ìtàn Méjì Láti Àyíká Òrù

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ ìtàn ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ ọba àti ogun ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ìtàn kò sí lẹ́nu arọ́kin nìkan. Ó wà nínú yàrà, nínú ògiri tí ó ti di àwókù, nínú igbó tí ọwọ́ ènìyàn gbìn, àti nínú orúkọ ibùgbé. Òrù fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní àkókò ogun Kírìjì (1877–1893), ibẹ̀ ni ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pàgọ́ sí láti máa ṣọ́ Ìbàdàn. Àgọ́ náà ti tú, ìtàn ni ó kù. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti gbé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn méjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yẹ̀ wò: ọ̀kan ti pẹ́, èkejì kò pẹ́ rárá.

Erédò Ṣùǹgbọ́

Láàrin 1505 sí 1508 ni Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan ń bẹ tí a ń pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá sì yí i ká. Ì báà jẹ́ odi Ìjẹ̀bú-Òdé ni ó ń sọ, ì báà jẹ́ Erédò gan-an, ẹ̀rí ni pé òkìkí yàrà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti dé etí àlejò nígbà náà. Erédò gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní ibòmíràn, láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀ yàrà tó 20 mítà. P. C. Lloyd kọ̀wé lé e lórí ní 1959, Patrick Darling sì wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990. Ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó jáde ní 2016 fi ìgbà tí a gbẹ́ ẹ sí àárín 1370 sí 1420. Kò sí katakata nígbà náà. Ọwọ́ ni a fi gbẹ́ ẹ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Bílíkísù Ṣùǹgbọ́, opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ni ó gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Àwọn kan ní òun ni ayaba Ṣébà. Ìṣirò ọdún kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, nítorí pé Sólómọ́nì ti ṣáájú yàrà yìí ní ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún. Síbẹ̀, ìtàn yìí ni ó ń gbé èrò lọ sí ibojì rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rí, tí kò sì jẹ́ kí a gbàgbé ibẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Bébà Ìwópin

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kárí orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ó hàn pé bébà yóò wọ́n. Ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta ni Ìjọba Àpapọ̀ gbọ́kàn lé. Ti Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ti Oku-Iboku ní 1986. Ẹ̀kẹta ni ti Ìwópin, létí ọ̀sà, ní agbègbè Ogun Waterside. Inú igbó ọba Ọmọ ni igi rẹ̀ yóò ti máa wá. A gé igi àbáláyé lulẹ̀ níbẹ̀, a sì gbin gmelina, tí àwọn ará oko ń pè ní mẹláínà, nítorí pé ó tètè ń dàgbà.

Kí igi tó di bébà, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó sè é títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, a ó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó sì sá a gbẹ. Ṣùgbọ́n fọ́nrán mẹláínà kúrú. Kí bébà lè yi, a máa ń po fọ́nrán gígùn igi páìnì mọ́ ọn, òkè òkun ni a sì ti ń rà á. Lẹ́yìn tí náírà wálẹ̀ ní 1986, irú ọjà bẹ́ẹ̀ di ọ̀wọ́n. Ilé-iṣẹ́ Ìwópin kò dé ibi tí a pète rẹ̀ dé. Igi tí a gbìn nítorí ìwé di igi ìkọ́lé. Nínú igbó náà, àmì tí àwọn aṣọ́gbó fi pín ilẹ̀, J4, ti di orúkọ ìlú.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwókù ni àkísà ìlú. Erédò ní ìtàn tí ń dáàbò bò ó. Ìwópin kò ní, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì tó ọgọ́ta ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ̀wé sórí bébà òkè òkun láìmọ̀ pé a ti gbin igbó kan nítorí irú bébà bẹ́ẹ̀ rí, ìwé àfọwọ́kọ Yorùbá sì ń sùn nínú àpótí nítorí owó bébà.

Àwọn tí ó gbin mẹláínà ti di àgbà. Kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn láti gba orúkọ irinṣẹ́, orin iṣẹ́ àti ìtàn wọn sílẹ̀. Kí àwa tí a ń ṣètò ìdánwò sì fi máàkì sí i. Ohun tí kò bá ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á kún.